“Brain Fag”, Ọdẹ Orí àti Àìbalẹ̀-Ọkàn: Ìtàn Orúkọ Àìsàn Kan láàrin Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà

Ìfáárà

Ní ọdún 1960, dókítà ará Kánádà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Raymond Prince kọ àpilẹ̀kọ kan sínú Journal of Mental Science, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Prince ti ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Àró ní Abẹ́òkúta kí ó tó kọ ọ́. Àwọn tí ó kọ nípa wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n wá bá a pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà. Bí wọ́n bá ti jókòó ti ìwé, orí wọn a máa gbóná, tàbí kí ó dà bí ẹni pé ohun kan ń rá kiri nínú rẹ̀. Ojú wọn a máa ṣe bàìbàì, omi a sì máa dà lójú wọn. Ọrùn a máa ro wọ́n. Ohun tí wọ́n ń kà kì í wọlé. Èyí tí ó bá wọlé kì í dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti ní orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn náà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà: “brain fag”. Prince gba orúkọ náà lẹ́nu wọn, ó sì di orúkọ tí àwọn oníṣègùn káàkiri ayé fi ń dá àìsàn ọmọ ilé-ìwé Nàìjíríà mọ̀ fún ọdún tí ó ju àádọ́ta lọ.

Ìtàn orúkọ yìí ni a fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú bébà yìí. A kì í ṣe oníṣègùn, a kò sì ní jókòó sórí àga ìdájọ́ tí ó jẹ́ tiwọn. Ohun tí ó kan òpìtàn ni ibi tí orúkọ ti wá, ẹni tí ó lò ó, ohun tí ó jẹ́ kí a rí àti ohun tí ó fi pamọ́ fún wa. Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé àìbalẹ̀-ọkàn ni àìsàn tí Prince rí, irú èyí tí ó ń ṣe ọmọ ènìyàn níbi gbogbo. Orúkọ àyálò tí a ń pè é ni ó mú kí a wá okùnfà rẹ̀ sínú ìwà àti ọpọlọ adúláwọ̀, nígbà tí okùnfà náà wà nínú ìdánwò, nínú àìsùn àti nínú owó ilé-ìwé. Orúkọ tí ó wà lẹ́nu Yorùbá fún un, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé-ìwòsàn ni a fi í sí.

Ìbẹ̀rù àti Àìsàn

Ìbẹ̀rù fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ẹni tí ó pàdé ejò lọ́nà oko tí àyà rẹ̀ kò já, irú wọn ni ó yẹ kí á bẹ̀rù fún. Ara ni ó ń múra láti jà tàbí láti sá: ọkàn a máa lù kìkì, èémí a máa yára, iṣan a máa le. Bí ejò bá ti lọ, ara a rọlẹ̀. Àìsàn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ara kò bá rọlẹ̀ mọ́, tí ẹ̀rù ń ba ènìyàn láìsí ejò nítòsí, tàbí tí ẹ̀rù náà ju ohun tí ó fà á lọ, tí ó sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò jẹ́ kí onítọ̀hún sùn, kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, tàbí kí ó jáde sáàrin ẹgbẹ́. Àwọn oníṣègùn pín in sí ọ̀nà púpọ̀, pàápàá láti ọdún 1980 tí ẹ̀dà kẹta ìwé tí a mọ̀ sí DSM jáde, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń to àìsàn sí ìsọ̀rí. Ti ẹlòmíràn jẹ́ ìpayà tí ń dé lójijì, tí yóò máa rò pé ikú ni ó dé. Ti ẹlòmíràn jẹ́ ẹ̀rù ohun kan pàtó, tàbí ẹ̀rù ojú ènìyàn. Ti ẹlòmíràn sì jẹ́ àníyàn tí kì í tán, lórí ohun gbogbo, fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ohun méjì nínú ìṣesí ara yìí ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ wa. Iṣan ọrùn àti ti awọ orí tí ó bá le fún ọ̀pọ̀ wákàtí a máa fa ìrora, a sì máa dà bí ẹni pé a fi ọ̀já di orí. Mímí àmíyára pẹ̀lú a máa dín carbon dioxide inú ẹ̀jẹ̀ kù. Òòyì a máa tẹ̀lé e, ojú a ṣe bàìbàì, ara a sì máa ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn ín. Bí a bá fi èyí wé ẹjọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àró, ó kù díẹ̀ kí ó bára mu délẹ̀, láìjẹ́ pé a mú ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara tàbí ti àṣà wọ̀ ọ́ rárá.

Èdè Yorùbá kò sì ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún nǹkan wọ̀nyí. A ní àníyàn, ìpayà, ìfòyà, hílàhílo. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí nǹkan ń ṣe bá fẹ́ sọ tirẹ̀, kì í sábà lo ọ̀rọ̀-orúkọ wọ̀nyí. Ẹ̀yà ara ni ó máa ń fi ṣe olùwà gbólóhùn rẹ̀. Àyà mi ń já. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ọkàn mi pòrúurù. Ara mi kò lélẹ̀. Orí mi ń gbóná. Àwọn òyìnbó kan tí ó kọ̀wé lórí àìsàn ọpọlọ ní Áfíríkà rò pé ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ báyìí kò mọ ohun tí ó wà nínú ọkàn òun, pé ara nìkan ni ó mọ̀. Èrò tí kò jinlẹ̀ ni. Gẹ̀ẹ́sì náà ń fi ọkàn, ikùn àti egungun sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, kò sì sí ẹni tí ó tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ pé kò ní inú.

Ó yẹ kí á fi kún un pé àwọn kan ti fẹ́ fi Orí tí ènìyàn yàn lọ́run ṣàlàyé ìdí tí ó fi jẹ́ pé orí ni ó ń ro akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n a kò rò pé a nílò rẹ̀. Ẹni tí ó tẹ orí ba ìwé fún wákàtí mẹ́jọ lábẹ́ iná àtùpà kò nílò àkúnlẹ̀yàn kí ọrùn tó ro ó.

Orúkọ tí ó La Òkun Kọjá

Nínú Journal of Mental Science yìí kan náà, ní ọdún 1880, Daniel Hack Tuke, ọ̀kan nínú àwọn gbajúmọ̀ oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní “Intemperance in Study”. Àpọ̀jù ìwé kíkà àti ohun tí ó ń ṣe fún orí àwọn tí ń kàwé ni ó kọ lé lórí. Àwọn tí ó ní lọ́kàn kì í ṣe adúláwọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gan-an, “brain fag”, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún fún àárẹ̀ tí ń mú akọ̀wé, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ọgọ́rin ọdún gbáko ni ó wà láàrin àpilẹ̀kọ Tuke àti ti Prince, nínú ìwé àtìgbàdégbà kan ṣoṣo.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà tọ́ sí àkíyèsí. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1870 ti ṣí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí baba wọn kò mọ̀wé. Lẹ́yìn èyí ni àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí bí ẹ̀kọ́ ṣe ń ni àwọn ọmọ lára jù. Ní 1884, James Crichton-Browne kọ ìròyìn kan lórí ọ̀rọ̀ náà nípa àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà náà, ohun tí wọ́n jiyàn lé lórí ni iye wákàtí tí ọmọ fi ń kàwé, ìdánwò, ebi àti àìsùn. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ẹ̀kọ́ kò bá ẹ̀jẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mu.

Nígbà tí irú ìyípadà kan náà dé Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, àlàyé náà yí padà. Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ìgbìmọ̀ ìdánwò Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, WAEC, bẹ̀rẹ̀ ní 1952. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ dá ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ sílẹ̀, iye ọmọ tí ó wà nílé-ẹ̀kọ́ sì gòkè láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí nǹkan bí 811,000 lọ́dún náà. Àyè tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò gòkè bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni agbo ilé mìíràn lè fi owó kòkó rán lọ, gbogbo wọn ni yóò sì máa retí rẹ̀: àbúrò tí yóò gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, baba tí ó ti yá owó, ìyá tí ó ti ta aṣọ. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá jókòó ti ìwé lóru, tí kò sì rí ohun tí ó kà mú, kí ni a fẹ́ kí ara rẹ̀ ṣe?

A gbọ́dọ̀ ṣe òdodo sí Prince. Ó rí ẹrù ẹbí yìí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé orí okùnfà, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ sórí èrò pé ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ òyìnbó, tí ó jẹ́ kí ẹnì kan dá jókòó, kí ó dá ronú, kí ó sì dá gba ẹ̀bi tàbí ìyìn, kò bá ìwà tí àwùjọ Nàìjíríà fi tọ́ ọmọ mu. Èrò yìí kò dá wà. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé J. C. Carothers jáde lórí ọpọlọ ọmọ Áfíríkà. Carothers ni ó ti fi adúláwọ̀ wé òyìnbó tí a ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí níwájú ọpọlọ rẹ̀. Prince kò dé ibẹ̀ rárá, ó sì bọ̀wọ̀ fún àwọn babaláwo tí ó bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí a ti là sílẹ̀ kí ó tó dé ni ó gbà. Ẹjọ́ orí gbígbóná wọlé tọ̀ ọ́ wá, àṣà ni ó sì gbọ́.

Àró, 1954 sí 1963

Ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá ní Àró nígbà náà kò gba ti Carothers. Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1923, tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀ ní 1954. Dípò kí ó ti aláìsàn mọ́lé bí wọ́n ti ń ṣe ní Yábàá láti 1907, ó fi wọ́n sílé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn ká. Aláìsàn gbọ́dọ̀ mú ẹbí rẹ̀ kan dání, tí yóò máa se oúnjẹ fún un tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ní 1961, àpérò àwọn oníṣègùn ọpọlọ gbogbo Áfíríkà àkọ́kọ́ wáyé ní Abẹ́òkúta.

Ní ọdún yẹn kan náà ni Lambo àti Alexander Leighton pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ìwádìí káàkiri abúlé agbègbè Abẹ́òkúta. Wọ́n fi ohun tí wọ́n rí wé ti Stirling County ní Kánádà, níbi tí Leighton ti ṣiṣẹ́ ṣáájú. Ìwé wọn, Psychiatric Disorder among the Yoruba, jáde ní 1963. Ohun tí wọ́n bá bọ̀ ni pé ìjọra tí ó wà láàrin àìsàn àwọn ènìyàn méjèèjì yanilẹ́nu ju ìyàtọ̀ lọ. Ìwé yìí wà nílẹ̀ ní ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn àpilẹ̀kọ Prince. Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ kà á ì bá ti béèrè bóyá “brain fag” nílò ìsọ̀rí ọ̀tọ̀. Síbẹ̀ orúkọ náà ni ó ń gbilẹ̀.

A kò gbọ́dọ̀ pọ́n ètò abúlé Àró ju bí ó ti yẹ lọ ní ti ọ̀rọ̀ tí a wà lórí rẹ̀ yìí. Àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú púpọ̀, tí àwọn ará ilé ń pè ní wèrè, ni abúlé náà wà fún jù lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí orí ń gbóná kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun ní Àró. Ìtìjú yìí ṣì wà láàyè títí di òní, orúkọ “Àró” sì ti di èébú lẹ́nu àwọn ọmọ ilé-ìwé.

Ìtọ́jú

Kí ni wọ́n fi tọ́jú wọn? Ọdún tí àpilẹ̀kọ Prince jáde, 1960, náà ni Librium dé ọjà. Valium tẹ̀ lé e ní 1963. Oògùn méjèèjì a máa mú ara rọlẹ̀ kíákíá, ìdí nìyí tí wọ́n fi gba ayé kan. Ṣùgbọ́n wọn a máa di bárakú, wọn a sì máa mú oorun kun ènìyàn, wọn a máa dí ìrántí lọ́wọ́. Èyí kì í ṣe ẹ̀bùn kékeré fún ẹni tí ó ń múra ìdánwò. Lónìí, ìgbà díẹ̀ péré ni a máa ń gba dókítà nímọ̀ràn láti lò wọ́n. Oògùn tí a máa ń kọ́kọ́ lò nísinsìnyí ni irú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí serotonin, tí ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ara tó mọ̀ ọ́n.

Àwọn ìlú ìbílẹ̀ ní tiwọn. Prince fúnra rẹ̀, nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní 1964 lórí ìṣègùn ọpọlọ láàrin Yorùbá, kọ ọ́ pé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ń lo àsofẹ́yẹjẹ láti mú ara aláìsàn wálẹ̀. Ìdílé ewéko tí a ti rí reserpine ní 1952 ni àsofẹ́yẹjẹ ti wá. Oògùn wèrè ni, ó lágbára, kì í sì í ṣe ohun tí a ń fún ẹni tí àníyàn lásán ń dà láàmú.

Ẹni tí ó súnmọ́ òtítọ́ jù, lójú tiwa, ni Olufemi Morakinyo, oníṣègùn ọpọlọ ní Ifẹ̀, nínú àpilẹ̀kọ tí ó kọ ní 1980. Ó wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ní òru. Ó rí ìlépa tí ó ju agbára lọ, ó rí fífi oorun du ara, ó sì rí àwọn ohun amárají tí wọ́n ń lò láti lè máa kàwé títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí mọ obì, kọfí àti omi tútù tí a ń ti ẹsẹ̀ bọ̀. Ara tí a ti ta jí báyìí, tí ẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀, yóò ṣe gbogbo ohun tí Prince kọ sílẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ kò jìnnà sí ìmọ̀ yìí: kí ènìyàn sùn, kí ó kọ́ bí a ti ń dẹ iṣan àti bí a ti ń mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ó sì máa padà sọ́dọ̀ ohun tí ó ń bẹ̀rù díẹ̀díẹ̀. Joseph Wolpe, dókítà ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ti ṣàlàyé ọ̀nà yìí nínú ìwé rẹ̀ ti 1958. Aaron Beck ní Amẹ́ríkà fi yíyẹ èrò ara ẹni wò kún un láti àwọn ọdún 1960. Ẹni tí ó gbà pé “bí mo bá fìdí rẹmi, ilé wa ti parun” ni a ó ràn lọ́wọ́ láti yẹ gbólóhùn náà wò bí ẹni yẹ ẹlẹ́rìí wò ní kóòtù. Ọ̀nà méjèèjì yìí ni ẹ̀rí tí ó dúró gbọn-in ń tì lẹ́yìn jù lónìí nínú ìtọ́jú tí kì í ṣe ti oògùn.

Ikú Orúkọ Kan àti Ìgbàlà Òmíràn

Ní 1987, R. O. A. Makanjuola tẹ ìwádìí kan jáde lórí ohun tí àwọn aláìsàn Yorùbá ń pè ní ọdẹ orí. Wọ́n ní ohun kan wà nínú orí tí ń rìn, tí ó sì lè gba ibẹ̀ lọ sí ibòmíràn nínú ara. Àyà a máa já wọn, oorun kì í kùn wọ́n. Nígbà tí a fi ojú ìmọ̀ ìṣègùn yẹ̀ wọ́n wò, ìbànújẹ́ ọkàn àti àìbalẹ̀-ọkàn ni a bá lára ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí á fi ọdẹ orí yìí sí ẹ̀gbẹ́ “brain fag”: orí kan náà, ìrìn kan náà, àyà kan náà. Ohun tí ó yà wọ́n ni pé ọ̀kan ti lọ sílé-ìwé, èkejì kò lọ. Ẹni tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì mú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wá, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ayé. Ẹni tí ó ní ọdẹ orí, ọ̀dọ̀ adáhunṣe ni ó kọ́kọ́ lọ.

“Brain fag” wọ inú àkójọ àwọn àìsàn tí a so mọ́ àṣà nínú ẹ̀dà kẹrin DSM ní 1994. Nígbà tí ẹ̀dà karùn-ún jáde ní 2013, kò sí nínú àkójọ náà mọ́. Ní 2015, Ayonrinde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ìdáhùn oníṣègùn ọpọlọ 102 ní Nàìjíríà tí wọ́n fi ìtàn aláìsàn kan hàn. Nínú wọn, 98% mọ orúkọ náà. Ṣùgbọ́n 22% péré ni ó ń lò ó nínú iṣẹ́ wọn. Àwọn yòókù ní àìbalẹ̀-ọkàn ni, tàbí ìbànújẹ́ ọkàn, tàbí àìsàn tí ń fi ara sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà fúnra wọn ni ó ń sin orúkọ náà.

Ohun tí ó wà nínú àkójọ DSM ti 2013 ni kufungisisa, ọ̀rọ̀ èdè Shona ti ilẹ̀ Zimbabwe tí ó túmọ̀ sí àròjù. Orúkọ yìí kò wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dixon Chibanda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi í ṣe ìpìlẹ̀ ìtọ́jú láti 2006 ní Harare: àwọn ìyá àgbà tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà a máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwòsàn, wọn a sì máa bá ẹni tí ó ń rò jù wá ojútùú sí ìṣòro rẹ̀ ní èdè tí ó gbọ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàrin ènìyàn 573, tí ó jáde ní 2016, fi hàn pé ara àwọn tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà yá ju ti àwọn tí a tọ́jú bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Lambo ì bá mọ irú iṣẹ́ yìí. Ọdẹ orí kò tíì rí bẹ́ǹṣì tirẹ̀.

Ó kù ọ̀rọ̀ kan lórí kíkà. Ìwádìí ńlá tí Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí àìsàn ọpọlọ ní Nàìjíríà, tí ó jáde ní 2006, fi hàn pé àwọn àìsàn tí ó jẹ mọ́ àìbalẹ̀-ọkàn ni ó wọ́pọ̀ jù: 5.7% ni ó ti ní i rí láyé wọn. Nínú àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń dí lọ́wọ́ gan-an, nǹkan bí 8% péré ni ó rí ìtọ́jú kankan gbà láàrin ọdún tí ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n wọ́n tún sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ẹni tí ó ní irú èyí tí í ṣe àníyàn àìdáwọ́dúró lórí ohun gbogbo. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ó máa ń ṣílẹ̀kùn èkejì nínú irú ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ní ìsọ̀rí yìí sì jẹ́ ti àníyàn. Ẹni tí a bi pé ṣé ó ti ṣe àníyàn ju bí ó ti yẹ lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí ó dáhùn pé rárá, pé orí òun ni ó ń gbóná, kò sí ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè kejì.